Ìfọnu Alẹ́: Iṣẹ́ Tí Pákò Àárọ̀ Kò Lè Dá Ṣe

Ní ilé Yorùbá àtijọ́, ìkíni kì í ṣáájú ìfọnu. Ẹni tó bá jí yóò wá omi bọ́jú, yóò fi pákò sẹ́nu, yóò fi omi ṣan ẹnu dáadáa, kó tó lọ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí bàbá àti ìyá. Ọmọ tó bá fi ẹnu oorun kí àgbà, wọn á ní kó padà sídìí omi. Títí di òní, ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́, ní Ìṣẹ́yìn, kò ṣòro láti rí àgbàlagbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé láàárọ̀, tó ń rún orin, tó ń fi orí dá àwọn tó ń kọjá lóhùn nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò tíì ṣe é sọ̀rọ̀.

Àṣà tó dára ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ eyín là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Wọn kò fẹ́ kí ẹnu rùn sí ẹni tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ ọmọlàkejì ni. Eyín fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú mìíràn, wákàtí tó sì ń fẹ́ ẹ jù ni wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ mọ́: lálẹ́, kó tó sùn. Orí èyí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Bó bá jẹ́ pé àṣà kan ṣoṣo ni ilé kan lè yí padà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́dún yìí, ìfọnu alẹ́ ni kí wọ́n mú.

Awọ funfun tó bo eyín ló le jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà lára ènìyàn. Egungun kò le tó o. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè wo ara rẹ̀ sàn. Egungun tó ṣẹ́ a máa so padà, awọ ara tó bó a máa hù, ṣùgbọ́n eyín tó bá ti dá ihò sí kì í dí ara rẹ̀. Àwọn baba wa ní kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ará Bábílónì ìgbàanì náà gba irú rẹ̀ gbọ́. Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń da oògùn sí aláìsàn lẹ́nu, tí wọ́n á sì fi ohun tíńtín kan hàn án lórí àwo pé kòkòrò náà ló já bọ́ yìí.

Kòkòrò wà lóòótọ́, àmọ́ ojú lásán kò lè rí i. Ní ọdún 1683, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní Netherlands, Antonie van Leeuwenhoek, ha ìdọ̀tí funfun lára eyín ara rẹ̀, ó wò ó lábẹ́ awò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí wọ́n ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí lẹ́tà, ó fi ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ẹnìkan tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. W. D. Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe iṣẹ́ oníṣègùn eyín ní Berlin, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1890: àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí kì í gé eyín jẹ. Ṣúgà àti àjẹkù oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ eyín ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á wá ya ásíìdì sílẹ̀, ásíìdì náà ló ń yọ́ awọ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Èyí tí ìwádìí dá lẹ́bi jù nínú wọn ni Streptococcus mutans, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu ènìyàn káàkiri ayé.

Ẹnu ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ìyẹn ni itọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, itọ́ a máa ṣan ṣúgà lọ, a máa pa agbára ásíìdì, a sì máa dá kálísíọ́mù padà sí ojú ibi tó ti ń yọ́. Iṣẹ́ yìí a máa gbà á ní ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Bí ènìyàn bá ti sùn, itọ́ yóò dínkù dé ibi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń gbẹ tó sì máa ń rùn láàárọ̀. Ẹni tó jẹ búrẹ́dì, tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e, tó wá sùn láìfọnu, ti fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje jìn àwọn kòkòrò náà ní àsìkò tí ẹ̀ṣọ́ kò sí nídìí iṣẹ́. Pákò tí yóò rún ní aago mẹ́fà ìdájí yóò lé òórùn lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ti yọ́ lóru ti yọ́.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ṣúgà, ìtàn kan wà tó yẹ ká sọ tòun ti ìbànújẹ́ inú rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Vipeholm, lẹ́bàá ìlú Lund ní Sweden, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Láti 1945, àwọn onímọ̀ fi àwọn aláìsàn yìí ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń ba eyín jẹ́. Wọ́n fún àwọn kan ní ṣúgà pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n fún àwọn mìíràn ní súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, lójoojúmọ́, títí eyín wọn fi bàjẹ́. Àwọn ènìyàn náà kò lè sọ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà. Ìwà ìkà ni, kò sì sí àlàyé tó lè sọ ọ́ di rere. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 1954 ni gbogbo ayé ń lò títí dòní: ṣúgà tí ènìyàn jẹ pọ̀ mọ́ oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ba eyín jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń lẹ̀, tí wọ́n ń jẹ léraléra láàárín oúnjẹ, ló ń run ún. Iye ìgbà tí ṣúgà wọ ẹnu ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Sweden fi yan ọjọ́ Sátidé nìkan fún súìtì àwọn ọmọ wọn.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn wá sí Èkó. Awakọ̀ dánfó kan ra ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò oní-50cl kan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 50, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń fi kún ohun jíjẹ rẹ̀ lóòjọ́ má tó gíráàmù 50, pé bó bá lè dín sí ìdajì ìyẹn, ó tún dára jù. Bí awakọ̀ yìí bá mu ún tán pẹ̀lú ìrẹsì ọ̀sán rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni ásíìdì bá eyín rẹ̀ jà, itọ́ yóò sì gbà á. Bó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, tó ń fẹnu kàn án díẹ̀díẹ̀ láti Òṣòdì dé Ìyànà-Ìpájà, ásíìdì kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo wákàtí tó fi wà lójú ọ̀nà. Bákan náà ni ti ìyá ọlọ́jà tó ń fi súìtì TomTom sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ kí ọ̀fun má baà gbẹ níbi tó ti ń pe oníbàárà. Bákan náà ni ti ọmọ tó ń mu gàrí oníṣúgà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tó fi bisikíìtì tẹ̀ lé e, tó tún fi súìtì dé e ládé. Ọtí máàlìtì tí àwọn ènìyàn ń rà lọ kí aláìsàn nítorí pé wọ́n ní ó ń fún ara lágbára, ṣúgà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Láti 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ń gba owó orí Náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn. Owó náà kéré débi pé ẹni tó ń rà á kò mọ̀ pé ó wà. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, àmọ́ kò tíì tó.

Omi lásán ló yẹ kó máa tẹ̀ lé ohun aládùn tí a bá jẹ láàárín ọ̀sán. Bó bá jẹ́ ohun kíkan ni, irú bí ọsàn, àgbálùmọ̀ tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ènìyàn má fi búrọ́ọ̀ṣì kan eyín lójú ẹsẹ̀. Ásíìdì ti mú ojú eyín rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì yóò kàn máa họ ọ́ ni. Kó fi omi ṣan ẹnu, kó dúró tó ìṣẹ́jú 30.

Ẹnikẹ́ni tó bá fojú tín-ín-rín pákò kò mọ ohun tó ń sọ. Orin àtà, orin ìjẹ̀bú, àyìn, ìdí, orógbó, ewúro, dóńgóyárò: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní adùn tirẹ̀ àti kíkorò tirẹ̀, àwọn tó ń tà á lọ́jà sì mọ èyí tí a ń rún fún eyín tó ń mì àti èyí tí a ń rún fún ẹnu tó ń rùn. Ìwádìí ní àwọn yunifásítì wa ti fi hàn pé omi inú ọ̀pọ̀ wọn ń pa kòkòrò ẹnu. Àtà tilẹ̀ lọ jìnnà ju ẹnu lọ. Ní 1971, àwọn olùṣèwádìí méjì, Abayomi Sofowora àti W. Isaacs, tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé omi gbòǹgbò rẹ̀ lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ní, padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú àyẹ̀wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lílo pákò ní 1986 fún àwọn ilẹ̀ tó ti jẹ́ àṣà wọn.

Ibi tí agbára pákò mọ náà wà. Iwájú ẹnu ló ń ṣe dáadáa. Ẹ wo ẹni tó ń rún un: apá iwájú àti ẹ̀gbẹ́ kan ni ọwọ́ ń lọ sí, ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀ àti àárín àwọn eyín ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ kì í sábà kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni ihò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi igi gbígbẹ gbo eyín lọ́nà ìbú pẹ̀lú agbára yóò ha èrìgì rẹ̀ títí gbòǹgbò eyín yóò fi yọ síta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rún a máa jẹ orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí irun, a máa fi gbá eyín láti èrìgì wá sí etí eyín, nínú àti lóde, a sì máa gé orí tó ti lò dànù kó tó tún un lò lọ́jọ́ kejì. Kò sí ìjà láàárín pákò àti búrọ́ọ̀ṣì. Kí pákò máa ṣe ti àárọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kí búrọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín sì ṣe ti alẹ́, nítorí pé ohun kan wà nínú ọṣẹ náà tí pákò kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Fluoride ni nǹkan ọ̀hún. Ní 1901, ọ̀dọ́mọdé oníṣègùn eyín kan, Frederick McKay, dé ìlú Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ó bá eyín àwọn ará ìlú tí àwọ̀ ilẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ kan. Eyín náà kò dùn-ún wò lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà jẹrà. Ó wá ìdí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ní 1931 ni onímọ̀ kẹ́míkà kan, H. V. Churchill, rí i pé fluoride tó pọ̀ jù nínú omi ìlú ló fà á. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé: bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n kékeré ńkọ́, tí kò ní ba àwọ̀ eyín jẹ́? Ní oṣù Kìíní 1945, ìlú Grand Rapids ní Michigan di ìlú àkọ́kọ́ láyé tó fi fluoride sí omi ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 15 lẹ́yìn náà, eyín jíjẹrà láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ti dínkù ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Nàìjíríà, àwọn ibi kan wà tí fluoride ti pọ̀ jù nínú omi kànga wọn, bíi Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí eyín àwọn ará ibẹ̀ ní àbàwọ́n kan náà bíi ti Colorado. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ọṣẹ ìfọyín ni fluoride ti ń wá.

Ẹ yẹ ara ọṣẹ náà wò kí ẹ tó sanwó. Ó yẹ kí wọ́n kọ fluoride sí i, kí iye rẹ̀ sì wà láàárín 1000 sí 1500 ppm. Ìwọ̀n wóró ìrẹsì kan ló tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìwọ̀n wóró ẹ̀wà kan fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Èyí tí wọ́n ń fà gùn lórí búrọ́ọ̀ṣì nínú ìpolówó ọjà, láti orí dé ìdí, ọjà ni wọ́n ń fi í tà.

Ìṣẹ́jú méjì ló yẹ kí ìfọnu gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lò tó ìdajì rẹ̀, wọ́n á sì fi agbára dí àkókò tí wọn kò lò. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ló dára. Kí ènìyàn dà á wálẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, kó máa yí i ní kékeré kékeré, iwájú, ẹ̀yìn, àti orí, kó tó wá kan ahọ́n. Oṣù mẹ́ta ti tó kí a pààrọ̀ rẹ̀, tàbí nígbà tí irun rẹ̀ bá ti tú. Kí tọkọtaya má pín búrọ́ọ̀ṣì lò. Àárín eyín ń fẹ́ òwú ìtayín, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì kò lè wọ ibẹ̀. Igi ìtayín tí a ń fi gún èrìgì lẹ́yìn ẹran a máa dá egbò síbẹ̀.

Ohun kan yóò ṣòro fún àwa Yorùbá, ó sì yẹ ká sọ ọ́ lójú ara wa. Wọ́n kọ́ wa láti fi omi ṣan ẹnu títí gbogbo ìfófòó yóò fi tán. Lálẹ́, kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a tu ìfófòó náà dànù, kí a má fi omi ṣan ẹnu, kí a lọ sùn. Fluoride tó kù lára eyín ni yóò ṣiṣẹ́ lóru nígbà tí itọ́ bá dínkù. Ẹni tó fi ife omi mẹ́ta ṣan ẹnu ti da ohun tó fi owó rà nù.

Eyín ọmọdé jẹ́ 20, àkọ́kọ́ a máa hù ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á sì pé kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ òbí ń sọ pé kò sí wàhálà, yóò ṣáà ká, òmíràn yóò hù. Èrò yìí ti ṣe àkóbá púpọ̀. Eyín ọmọdé tó jẹrà a máa ro ọmọ, kì í jẹ́ kó jẹun, kì í jẹ́ kó sùn, ìdọ̀tí rẹ̀ sì lè ran eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí àwọn ìyá kì í sábà mọ̀ ni pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà, eyín kan a máa hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sí eyín kankan tó ká kí ó tó hù, nítorí náà ìyá kò mọ̀ pé àlejò dé. Eyín àgbà ni, kò ní ká mọ́ láyé, ó sì wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì lè fọ ibẹ̀ dáadáa fúnra rẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún méje, ọwọ́ òbí ló yẹ kó wà lórí búrọ́ọ̀ṣì, lálẹ́ pàápàá. Kí ìgò mílíìkì tàbí tíì oníṣúgà má sì wà lẹ́nu ọmọ tó ti sùn.

Ọ̀rọ̀ eyín híhù tún wà, ó sì tó sunkún lé lórí. Bí ọmọ oṣù méje bá ń ṣu gbuuru, tí ara rẹ̀ ń gbóná, a ó ní eyín ló ń hù. Eyín híhù lè mú kí èrìgì ọmọ wú díẹ̀, kó máa da itọ́, kó máa bínú. Kì í fa ibà líle, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọjọ́ orí yẹn, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ni ọmọ ń kó sẹ́nu, ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń tán lọ. Àìsàn gidi ló ń ṣe é, ilé ìwòsàn ló sì yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ìyá ní Nàìjíríà ra oògùn eyín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin fún ọmọ wọn. Diethylene glycol, májèlé kan tó ń pa kíndìnrín, ti wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́. Ó ju 50 ọmọ lọ tó kú kí NAFDAC, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, tó kó oògùn náà nílẹ̀ tán. Ẹ̀bi àwọn tó ṣe oògùn náà ni. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ pé eyín híhù jẹ́ àìsàn tó ń fẹ́ oògùn ló sọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ di ọjà.

Nínú gbogbo àrùn ẹnu, kò sí èyí tó burú tó noma. Láti inú èrìgì tó wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lára ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí ebi ti pa tàbí tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà dé egungun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò rí ìtọ́jú ló ń kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Cyril Enwonwu, ọmọ Nàìjíríà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn bí àìrí-oúnjẹ-jẹ ṣe ń la ọ̀nà fún un. Láti 1999 ni ilé ìwòsàn kan ti wà ní Sókótó tó ń tún ojú àwọn tó yè é ṣe. Nàìjíríà ló ṣáájú àwọn orílẹ̀-èdè tó bẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kó ka noma mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sì gbà ní oṣù Kejìlá 2023. Bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì wà nínú èrìgì, oògùn apakòkòrò, oúnjẹ àti ìfọnu lè dá a dúró.

Ti àgbàlagbà, èrìgì ló yẹ kó máa ṣọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nígbà ìfọnu, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yẹra fún ibẹ̀, ìyẹn a sì mú kó burú sí i. Ìdọ̀tí tó dúró sí ibẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá rọra fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kò ní gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Oníṣègùn ni yóò họ ọ́ kúrò. Wọ́n ń sọ káàkiri pé ìhọyín ní ilé ìwòsàn ló ń jẹ́ kí eyín máa mì. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìdọ̀tí náà ti jẹ egungun tó di eyín mú tipẹ́. Ìgbà tí wọ́n mú un kúrò ni onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí eyín òun ti rí. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní láti fi ọwọ́ gidi mú èyí, nítorí pé àìsàn èrìgì a máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti kápá, ṣúgà tó ga náà a sì máa ba èrìgì jẹ́. Ara aboyún a máa mú kí èrìgì tètè wú, nítorí náà kí ó lọ fi ẹnu han oníṣègùn nígbà tí oyún bá wà. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Àwọn tó ní àrùn ẹnu láyé, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2022, sún mọ́ bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀. Nínú ènìyàn mẹ́rin nínú wọn, mẹ́ta ló ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ tó kò sì kéré jù, irú bíi tiwa. Ohun tó ń dá wa dúró ni pé ìrora nìkan là ń gbà gẹ́gẹ́ bí àmì àìsàn. Eyín kì í ro títí ihò yóò fi sún mọ́ iṣan inú rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da ògógóró, kẹrosíìnì, tábà, àní omi bátìrì mọ́tò sínú ihò náà. Omi bátìrì a máa jó ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí eyín bá sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, iṣan inú rẹ̀ ló kú. Ìdọ̀tí náà ṣì ń lọ sínú egungun. Ó lè gba abẹ́ àgbọ̀n bọ́ sí ọrùn, kó wú, kó dí ọ̀nà ọ̀fun. Eyín kan tó jẹrà ń pa ènìyàn lọ́nà yìí ní ilé ìwòsàn wa. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá wú lẹ́yìn eyín dídùn, tí kò lè gbé itọ́ mì tàbí la ẹnu dáadáa, kó má dúró di ọjọ́ kejì.

Àwọn mìíràn kì í lọ nítorí wọ́n gbọ́ pé bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú yóò fọ́. Iṣan tí ojú fi ń ríran kò sí lára eyín rárá. Kò tíì sí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ nítorí pé oníṣègùn yọ ọ̀kan nínú eyín rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Òótọ́ ni pé oníṣègùn eyín kò tó. Yunifásítì Èkó, ti Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ ti ń kọ́ wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ péré ni wọ́n láàárín ènìyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ, ìlú ńlá ni púpọ̀ nínú wọn wà, àwọn mìíràn sì ti ré òkun kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìdènà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìlú ọlọ́rọ̀ pàápàá kò lè fi ìtọ́jú lásán bá a dọ́gba: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eyín jíjẹrà ló ń gbé ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án lọ sí ilé ìwòsàn jù lọ. Kí àwọn ènìyàn wa tó ń gbé níbẹ̀ rántí pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú eyín lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, fún aboyún, àti fún ìyá títí di ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ.

Scotland gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2001 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa fọ eyín ní ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ níṣojú olùkọ́, ètò tó wá di ara ohun tí wọ́n ń pè ní Childsmile. Nígbà tó fi di 2010, owó tí wọ́n ń ná lórí ìtọ́jú eyín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ti dínkù ju ìdajì lọ, ohun tí wọ́n sì rí pamọ́ lọ́dún ju owó tí ètò náà ń ná wọn lọ dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ díẹ̀ àti olùkọ́ tó mọ ohun tó ń ṣe ni wọ́n fi ṣe é.

Kò sí ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò lè ṣe èyí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ àti ti ìlera ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kí wọ́n fi owó rẹ̀ sínú ètò ìṣúná tó ń bọ̀. Àwọn òbí kò ní láti dúró dè wọ́n. Alẹ́ òní ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀: kí oúnjẹ tán, kí ìyá tàbí bàbá mú búrọ́ọ̀ṣì, kí ó fọ eyín àwọn ọmọ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó fọ tirẹ̀, kí ohunkóhun má sì wọ ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́ àfi omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.